Nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò wa ní Parakin: bá a ṣe gbé e dúró àti ibi tó dé báyìí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé kí ni àwọn rọ́bà pẹ́ńtì funfun tó wà lórí páípù lápá ọ̀dọ̀ wa ní Parakin, n'Ílé-Ifẹ̀, tẹ́nì kan tiẹ̀ ti ń sọ pé kámẹ́rà ìjọba ni, ẹ jọ̀ọ́, rọ́tà, ẹ̀rọ kékeré tó ń pín Wi-Fi, ló wà nínú ẹ̀ o. Márùn-ún ni wọ́n, ilé márùn-ún ló gbà wọ́n, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìgba ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì kankan kọjá. Ẹni tó bá wà ládùúgbò lè fi fóònù ẹ̀ ka Wikipedia, kó wo máàpù, kó ránṣẹ́ sí ará ilé kejì, kó gbọ́ ohùn àwọn àgbà wa tá a gbà sílẹ̀, kò ní ná kọ́bọ̀ dátà. Íntánẹ́ẹ̀tì gangan máa ń wà lórí ẹ̀ nígbà míì, ìgbà míì kì í sí, ìyẹn ò sì fi bẹ́ẹ̀ kàn wá. Mo fẹ́ kọ gbogbo bá a ṣe ṣe é sílẹ̀ torí ó ti sú mi kí n máa sọ ọ́ lẹ́nu fún ẹni tó bá ti yà sí ṣọ́ọ̀bù.

Kí ló dé tá ò kàn ra dátà

Ẹ rántí ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 2021? Ṣọ́ọ̀bù mi ní Lagere ni mo wà, àwọn kọ́sítọ́mà ń gbé fóònù wá lọ́kọ̀ọ̀kan, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, WhatsApp mi ò lọ", fóònù tí nǹkan kan ò ṣe. Àṣé àṣẹ kan tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àtúnṣe lọ́dọ̀ Facebook lọ́hùn-ún ló já gbogbo ohun tó so àwọn ilé kọ̀ǹpútà wọn pọ̀, làwọn sẹ́fà DNS wọn, kọ̀ǹpútà tó ń sọ fún fóònù ibi tí orúkọ bíi facebook.com wà, bá jáwọ́ nínú kíkéde ara wọn lórí BGP, èyí táwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń júwe ọ̀nà ara wọn fún ara wọn, ìyẹn ni pé àwọn nẹ́tíwọ́ọ̀kì yòókù láyé ò mọ ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ mọ́, Facebook, WhatsApp, Instagram, gbogbo ẹ̀ pòórá lẹ́ẹ̀kan náà fún bíi wákàtí mẹ́fà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé irinṣẹ́ táwọn òṣìṣẹ́ wọn ì bá fi tún un ṣe, orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó kú yẹn náà ló wà.

Ó tún di ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá bà jẹ́ lápá Abidjan, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, àwọn báńkì wa níbí bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ kọ́sítọ́mà pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Mo wá ń rò ó pé mẹ́sẹ́ẹ̀jì tí mo bá fi ránṣẹ́ sí Ìyá Télọ̀, tó jẹ́ fẹ́ǹsì kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti wọn, á kọ́kọ́ sọdá òkun kó tó padà wá bá wọn. Kí ló ń wá lọ sọ́hùn-ún?

Bẹ́ẹ̀ kì í ṣe báyìí làwọn tó kọ́kọ́ ro nǹkan yìí ṣe rò ó o. Ọdún 1964 ni Paul Baran tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí RAND l'Amẹ́ríkà ti ya á sílẹ̀, àwòrán mẹ́ta: ọ̀kan tí gbogbo okùn wọ ojú kan ṣoṣo, ọ̀kan tó ní ojúkò bíi mélòó kan, ọ̀kan tó rí bí àwọ̀n ẹja, tó jẹ́ pé bí ibì kan bá já, ọ̀rọ̀ á gba ibòmíì kọjá. Ẹ̀kẹta yẹn ló ní ká ṣe. Ogun átọ́míìkì ló ń ba òun lẹ́rù nígbà náà, èmi, iná tí wọ́n ń mú lọ ló ń bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ìṣirò kan náà ni.

Rọ́tà

Ẹ má lọ ra tuntun. Tòkunbọ̀ ni mo rà, Archer C7 v5 ti TP-Link, flash ẹ̀ (ibi tó ń tọ́jú nǹkan sí) jẹ́ 16MB, RAM (ibi tó ti ń ṣiṣẹ́) jẹ́ 128MB, ó gba OpenWrt dáadáa, sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ téèyàn lè fi rọ́pò èyí tó bá rọ́tà wá. Àwọn pẹlẹbẹ kéékèèké tó kún ìgboro yẹn, tí flash wọn jẹ́ 4MB tí RAM wọn jẹ́ 32MB, àwọn OpenWrt fúnra wọn ti kìlọ̀ pé kéèyàn má rà wọ́n mọ́, kódà bí wọ́n bá fi ta yín lọ́rẹ, ẹ dúpẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ.

OpenWrt yìí náà ní ìtàn, ó sì bá ọ̀rọ̀ wa mu. Kọ́ńpìnnì Linksys gbé rọ́tà kan jáde ní 2002, WRT54G, àwọn èèyàn wá rí i pé Linux, sọ́fítíwíà tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n fi ṣe ohun tó wà nínú ẹ̀. Linux sì ní ìwé àṣẹ tiẹ̀, GPL, tó sọ pé ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni lè tún un ṣe, àmọ́ tó o bá ti tún un ṣe tó o sì ń pín in fáwọn ẹlòmíì, o gbọ́dọ̀ fi kóòdù náà hàn wọ́n, o ò lè gba tẹni gbogbo kó o wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n pariwo títí tí kóòdù náà fi jáde ní 2003, tó fi máa di 2004 OpenWrt ti bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kan nínú ìwé àṣẹ ló jẹ́ kí èmi tí mò ń tún fóònù ṣe ní Lagere lè ṣí rọ́tà tí mo fowó ara mi rà kí n sì sọ ohun tó máa ṣe fún un.

Ọ̀kan nínú wọn dé bí òkú, iná pówà nìkan ló ń tàn, ẹni tó ní in tẹ́lẹ̀ ti fọwọ́ kan nǹkan tí kò yẹ. Mi ò tú u. Mo so wáyà mọ́ láptọ́ọ̀pù, mo fún láptọ́ọ̀pù ní àdírẹ́sì 192.168.0.66, torí ibẹ̀ ni rọ́tà yìí máa ń wá ìrànlọ́wọ́ lọ tó bá ti dákú, mo ṣí TFTP, ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fi fáìlì ránṣẹ́, síbẹ̀, mo sọ fáìlì sọ́fítíwíà tí mo fẹ́ fún un ní ArcherC7v5_tp_recovery.bin, tí lẹ́tà kan bá fi yàtọ̀ kò ní gbà á. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ bọ́tìnnì rísẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, ẹ tan án, ẹ má yọwọ́ o, títí tí láptọ́ọ̀pù fi máa kọ ọ́ jáde pé ẹnì kan ń béèrè fáìlì. Ọmọ iṣẹ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ ti ń ro ó, ó ti fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀, bí ìlà yẹn ṣe yọ báyìí ló pariwo, "Ọ̀gá, ó ti ń jẹ ẹ́!" Ìyàwó tó wá gbé fóònù ẹ̀ fò sókè, ó rò pé iná ló gbé e.

Kí wọ́n mọ ara wọn

Sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ batman-adv ló so wọ́n pọ̀. Lọ́dọ̀ àwọn Freifunk ní Jámánì ló ti ṣẹ̀, àwọn náà ń fi rọ́tà orí òrùlé ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀fẹ́ fún ìlú wọn, láti 2011 ló sì ti wà nínú Linux fúnra ẹ̀. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le: ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan rọ́tà kan á kígbe pé òun wà níbí, àwọn tó bá gbọ́ á bá a gbé ohùn náà síwájú, rọ́tà kọ̀ọ̀kan á wá máa wo ẹni tí ohùn lágbájá ń gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ wá dáadáa jù, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ló máa fi ẹrù lágbájá rán. Kò sí èyí tó mọ gbogbo máàpù, kò sí ọ̀gá láàárín wọn. Tẹ́ ẹ bá tẹ batctl o, á fún yín ní máàkì lórí 255 fún ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá sún mọ́ 255 ló dáa.

Fún ẹni tó máa ṣe irú ẹ̀: 5GHz la fi ń so rọ́tà mọ́ rọ́tà, 2.4GHz la fi sílẹ̀ fún fóònù. Ẹ yọ wpad-basic tó wà nínú ẹ̀, èyí tó ń bójú tó páswọ́ọ̀dù Wi-Fi, kò mọ mesh (nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí àwọ̀n yìí) tó ní páswọ́ọ̀dù, wpad-mesh ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Ẹ yọ ath10k-ct, sọ́fítíwíà tó ń darí rédíò 5GHz, ẹ fi ath10k lásán rọ́pò, èyí tó ní ct yẹn ò bá mesh rẹ́. Kẹ́ ẹ sì gbé MTU rédíò náà, ìyẹn báìtì tó pọ̀ jù tí ẹrù kan lè jẹ́, sókè dé 1532, torí batman-adv máa ń fi báìtì 32 kún ẹrù kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá fi í sí 1500 á máa gé ẹrù sí méjì lójú ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ á kàn máa falẹ̀. Ó tán, ìyókù wà lórí ìwé àwọn OpenWrt.

Òrùlé, máńgòrò, agbọ́n

Páànù ni ọ̀tá. Rọ́tà tẹ́ ẹ bá gbé sínú pálọ̀ lábẹ́ páànù, ilé kejì ò ní gbúròó ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ga ju òrùlé lọ. Wẹ́dà bá wa jó páípù mọ́ ẹsẹ̀ táǹkì omi níbi tí táǹkì wà, ilé tí kò ní táǹkì a fi wáyà fà á sí ọ̀nà mẹ́ta kí atẹ́gùn má gbé e. Rọ́bà pẹ́ńtì lítà 20 la fi bo rọ́tà, ike ò dí ìgbì lọ́wọ́, a da ojú ẹ̀ bolẹ̀, ọmọrí wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ni wáyà ti wọlé, a sì jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ já wálẹ̀ díẹ̀ kó tó gòkè wọ inú ẹ̀ kí omi òjò lè máa kán sílẹ̀ dípò kó tẹ̀ lé e. Funfun ló yẹ kó jẹ́, oòrùn ọ̀sán ò mọ̀ pé èèyàn jẹ gbèsè. A lu ihò sábẹ́ kí ooru máa rí ibi jáde, a wá fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn lẹ ihò náà torí agbọ́n. Ẹ má fojú di agbọ́n. Ibi tó bá móoru tó sì dákẹ́, ilé ni lójú tiwọn.

Igi máńgòrò kan wà láàárín ilé Alhaji àti ilé Tíṣà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọ̀nà yẹn ń fún mi ní 230 lórí 255, bí òjò bá ti rọ̀ tí ewé bu omi mu, ó lè já sí 90. Ẹnì kan ní ká gé e. Ta ló máa lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó gbìn ín? A fi igi sílẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì fúnra ẹ̀ wá ń gba ilé Ọ̀gá Kẹ́mísì kọjá tí òjò bá ti rọ̀, tó bá gbẹ á padà, kò sẹ́ni tó tẹ nǹkan kan.

Iná

Rọ́tà kan ń jẹ bíi wáàtì 7. Wákàtí 24, 168Wh (wáàtì lọ́nà wákàtí) nìyẹn. Bátìrì 12V 40Ah jẹ́ 480Wh lórí ìwé, ṣùgbọ́n bátìrì olójé ò fẹ́ kéèyàn fà á kọjá ìdajì, ó ku 240Wh, ó ṣì jù ú lọ. Páànẹ́lì 80W, tí oòrùn bá ràn dáadáa fún wákàtí mẹ́rin, 320Wh, àmọ́ ẹni tó bá mọ Ifẹ̀ nínú oṣù keje sí oṣù kẹjọ mọ bójú ọ̀run ṣe máa ń rí, mo ṣírò wákàtí mẹ́ta, 240Wh, ẹ yọ èyí tó ń sọnù lójú ọ̀nà, ó ṣì máa bo 168. Rọ́tà yìí ń lo 12V, ẹ má sì torí ẹ̀ so ó mọ́ bátìrì tààrà o, bátìrì tí sólà ń ṣájì lè gun 14.4V, ẹ fi régúlétọ̀ sí àárín.

Owó bátìrì ló máa ń pa nǹkan báyìí tó bá yá. Àwọn ará Mankosi ní Eastern Cape, South Africa, tó ní Zenzeleni, ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó ń ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì tara wọn, sólà tó wà fún rọ́tà ni wọ́n tún fi ń bá èèyàn ṣájì fóònù gbowó. A kọ́ ọ lára wọn. Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Télọ̀ la ti ń ṣájì, páànẹ́lì tiwọn tóbi ju tàwa yòókù lọ, ìwé wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kọ ọ́ sí, owó náà ò sì gbọdọ̀ ra nǹkan míì ju bátìrì lọ.

Ọ̀dọ̀ ta ló máa wà

Ibí ni ìjà wà, ó sì pẹ́ ju gbogbo iṣẹ́ orí òrùlé lọ. Níbi ìpàdé, Alhaji ní òun ní invátà ńlá, iná kì í lọ lọ́dọ̀ òun, ká gbé sẹ́fà, kọ̀ǹpútà tó gbé Wikipedia àtàwọn fáìlì wa, àti gbogbo nǹkan sọ́dọ̀ òun, kí àwọn yòókù máa fà á látibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọlọ́lá ni, gbogbo èèyàn ti ń mi orí. Mo ní, "Alhaji, ẹ ṣeun gan-an, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rìnrìn àjò ńkọ́?" Wọ́n ní, "Ṣé mo máa gbé iná dání lọ ni?" Ẹ̀rín sọ. Mo ti ń wá ohun tí mo máa sọ, Ìyá Télọ̀ ló là á: "Alhaji, ẹ má bínú o, tí èmi àtẹ̀yin bá wá jà ńkọ́?"

Alhaji náà rẹ́rìn-ín, torí wọ́n ti jà rí, lórí omi táǹkì.

Ohun tí mo gbà gbọ́ nìyẹn gan-an, ó kàn jẹ́ pé mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ lójú àgbà. Tá a bá kó gbogbo ẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnì kan, bó ti wù kí ẹni náà dáa tó, Facebook kékeré la kọ́ sí Parakin. Sẹ́fà wá di méjì, ọ̀kan lọ́dọ̀ Alhaji, ọ̀kan lọ́dọ̀ Tíṣà, ohun tó wà nínú ọ̀kan ló wà nínú èkejì, Raspberry Pi 4, kọ̀ǹpútà kékeré, ni méjèèjì, SSD tó ń tọ́jú fáìlì wà nídìí wọn. A tún kọ ìwé, ojú ewé kan péré, mo wo bí àwọn guifi.net ṣe ṣe tiwọn, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Osona ní Catalonia lọ́dún 2004 tí ojú rédíò wọn ti lé ní 30,000: onílé ló ni rọ́tà tó wà lórí òrùlé ẹ̀, tó bá fẹ́ kó gbé e lọ lọ́la, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, ẹrù ẹlòmíì á gba ibẹ̀ kọjá, kò gbọdọ̀ dí i, kò gbọdọ̀ tú u wò, kò gbọdọ̀ gbowó ẹ̀. Páswọ́ọ̀dù wà nínú àpòòwé tá a lẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni mẹ́ta. Èmi ò sí nínú àwọn mẹ́ta náà, èmi ni mo ní kó rí bẹ́ẹ̀.

Elinor Ostrom gba ẹ̀bùn Nobel ètò ọrọ̀ ajé ní 2009 torí pé ó fi hàn pé ohun tó jẹ́ ti gbogbo èèyàn, omi oko, ibi ìpẹja, igbó, kò di dandan kó bà jẹ́ táwọn tó ń lò ó bá fúnra wọn ṣòfin ẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ. Tíṣà ló sọ ọ́ níbi ìpàdé. Bàbá kan láti ẹ̀yìn fèsì pé trànsífọ́mà tó wà ní ìkóríta ńkọ́, ṣé kì í ṣe àwa la dáwó rà á, kí ló kù tí òyìnbó fẹ́ sọ fún wa. Ìpàdé tú.

Ohun tó wà nínú ẹ̀

Kiwix, sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ kéèyàn ka Wikipedia láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, ló gbé Wikipedia. Ti Gẹ̀ẹ́sì tó ní àwòrán lé ní 100GB, ẹ má gbìyànjú láti fi dátà Ifẹ̀ fà á. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló bá mi dáónlóòdù ẹ̀ l'Ékòó sórí háàdì dísìkì, ó fi lé awakọ̀ lọ́wọ́ ní párọ́kì, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti dé Ifẹ̀, ó ṣòro kẹ́ ẹ rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó yára tó Sienna lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Wikipedia Yorùbá wà níbẹ̀, ó kéré, àwọn ojú ewé míì jẹ́ ìlà méjì péré, Tíṣà ti ń ní káwọn ọmọ kíláàsì ẹ̀ kọ kún un. WikiMed, àwọn ojú ewé Wikipedia lórí ìṣègùn, náà wà, Ọ̀gá Kẹ́mísì ló ń lò ó jù. Ìránṣẹ́, XMPP la lò, Prosody lórí sẹ́fà, Conversations lórí fóònù. Láti 1999 ni XMPP ti wà, bí ímeèlì ló rí, ẹnikẹ́ni lè ní sẹ́fà tiẹ̀ kó sì bá ti ẹlòmíì sọ̀rọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ràn ẹ̀, kò ní sítọ́sì. Àwọn ìyá ọlọ́jà ló gbà á, torí wọ́n lè fi ohùn ránṣẹ́ láìra dátà.

Wọ́n ti bẹ̀ mí títí pé kí n kó fíìmù Nollywood sí i. Mo kọ̀. Ẹni tó kọ Wikipedia ti fi ìwé àṣẹ CC BY-SA sí i pé kẹ́ ẹ kó o, kẹ́ ẹ pín in, kẹ́ ẹ ṣáà dárúkọ wa kẹ́ ẹ má sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ẹni tó ṣe fíìmù ò sọ bẹ́ẹ̀. Tá a bá ń jí tẹlòmíì kó síbẹ̀, ọjọ́ tí wàhálà bá dé, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa kó lọ.

Èyí tó kọ́ mi lọ́gbọ́n jù ni ti Ìyá Àgbà, ìyá Tíṣà. A lọ gba ohùn wọn sílẹ̀, oríkì ilé wọn àti bí àdúgbò ṣe tẹ̀ dó. Mo gbé fóònù síwájú wọn, wọ́n ti ṣe ọ̀fun wọn hẹ́ẹ̀n, wọ́n dúró. "Ta ló máa gbọ́ ọ?" Mo ní gbogbo èèyàn, mo rò pé inú wọn á dùn. "Gbogbo èèyàn bí ti báwo?" Wọ́n wá pín in fún mi: oríkì, kó lọ síbi tó bá fẹ́, ìtàn bí ilẹ̀ ṣe jẹ́, fún àdúgbò, èyí tó kẹ́yìn, fún ọmọ ilé wọn nìkan, wọn ò sì sọ ọ́ títí tí mo fi pa fóònù. Báyìí fódà méjì ló wà. Sọ́fítíwíà Syncthing ń pín méjèèjì láàárín sẹ́fà méjì yẹn, oríkì nìkan ló ní ọ̀nà tó lè gbà jáde sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí MiFi tó ń fún wa ní íntánẹ́ẹ̀tì bá wà lórí ẹ̀. Tí mo bá gbé fáìlì ti àdúgbò yẹn sí ibi tí gbogbo ayé ń lò, bíi Facebook, ta ni mo fẹ́ bẹ̀ pé kó yọ ọ́ fún Ìyá Àgbà?

Àyẹ̀wò

A pa rọ́tà ilé kọ̀ọ̀kan lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ń ṣe ping, ìyẹn ni pé ó ń pe kọ̀ǹpútà kejì léraléra bóyá á dáhùn, láti ilé Ìyá Télọ̀ sí sẹ́fà Tíṣà, èmi ń lọ láti ilé dé ilé ń yọ wáyà. Kẹ́mísì kú, ping fo ìlà bíi mélòó kan, ó gba abẹ́ máńgòrò kọjá. A tan án padà, a pa ti Alhaji pẹ̀lú invátà ńlá wọn, ó tún lọ. Alhaji dúró lẹ́nu ọ̀nà ń wò mí, wọ́n ní, "Ṣé ẹ ti rí i pé ẹ ò nílò mi?" Mo ní, "Alhaji, ẹ̀yin lẹ ni sẹ́fà kìíní o."

Ibi tó kù sí: máńgòrò àti Kẹ́mísì ò gbọdọ̀ kú lọ́jọ́ òjò kan náà, tí wọ́n bá kú papọ̀, ilé Tíṣà já kúrò, nítorí náà a nílò ilé kẹfà lódìkejì títì. Onílé ti gbà, wẹ́dà ti gba owó páípù, rọ́tà ló kù. Ẹni tó bá ní Archer C7 v5 tó ti dákú, kó gbé e wá sí Lagere, màá rà á, kẹ́ ẹ ṣáà má tíì tú u.